Ọjọ́ mẹ́rin tó ba ọdún kan jẹ́: àkọsílẹ̀ ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ kan

Aago mọ́kànlá alẹ́ kù díẹ̀ nígbà tí àbúrò mi kan pè mí. Kò tilẹ̀ kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ ọ́ tán o. Ó ku kí n fi ránṣẹ́." Mo ní kí ló kọ tán. Ó ní èsì sí ìgbéléwọ̀n iṣẹ́ tí máníjà ṣe fún òun ni, ojú ìwé mẹ́rin. Mo ní kó ka ìlà àkọ́kọ́ sí mi létí. Ó kà á: "Ó yà mí lẹ́nu pé ẹni tí kò tíì pé oṣù márùn-ún níbi iṣẹ́ yìí láyà láti..." Mo ní kó dúró níbẹ̀.

Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, nílé iṣẹ́ mìíràn tí kì í ṣe tiwọn. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tí mo ti kà kò lóǹkà. Ẹni tó kọ ọ́ máa ń rò pé òdodo lòun ń béèrè. Ẹni tó ń kà á, ìbínú nìkan ló máa rí, á wo máàkì tí wọ́n fún òṣìṣẹ́ náà, á sì ní, "Ẹn-ẹn, ọ̀gá rẹ̀ ò kúkú purọ́." Ẹyin lohùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà tún burú ju ẹyin lọ. Ẹyin tó fọ́, wọ́n á gbá a dànù. Lẹ́tà á wà nínú fáìlì.

Mo ní kó kó gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ímeèlì, kó tọ́jú rẹ̀ síbi tí kò sí àdírẹ́sì ẹnikẹ́ni lókè rẹ̀, kó lọ sùn. Kò sùn o, ó sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kò fi ránṣẹ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Mo yọ orúkọ gbogbo ènìyàn kúrò, mo sì yọ ti ilé iṣẹ́ náà. Àbúrò ni n óò máa pè é, bí mo ṣe ń pè é náà nìyẹn.

Ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù

Iṣẹ́ Àbúrò ni pé kó kó ẹ̀sùn àwọn oníbàárà jọ lóṣooṣù, kó ṣírò wọn, kó sì kọ ìròyìn kan tí àwọn àgbààgbà ilé iṣẹ́ ń kà. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, 4 nínú 5 ló ń gbà. Lọ́dún kẹrin, máníjà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ kúrò níparí oṣù kẹjọ, tuntun sì dé nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí oṣù kìíní dé, máníjà tuntun yìí pè é jókòó fún ìgbéléwọ̀n gbogbo ọdún. Ìjókòó náà kò tó ogún ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fojú kan fọ́ọ̀mù: 2 nínú 5.

Ìlà mẹ́jọ ló wà lórí fọ́ọ̀mù ọ̀hún: ìmọ̀ iṣẹ́, bí iṣẹ́ ṣe péye, bó ṣe ń tètè parí, bó ṣe ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Méje nínú wọn gba 2. Ìkẹjọ, ìyẹn dídé síbi iṣẹ́ lásìkò, gba 3. Gbólóhùn mẹ́ta ni máníjà kọ sísàlẹ̀: "Kì í parí iṣẹ́ lásìkò. Kì í bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Kò fi ọkàn sí iṣẹ́." Ó tán.

Nígbà tí mo rí 2 méje tó tò lé ara wọn bẹ́ẹ̀, mo rántí iṣẹ́ kan tí Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1920. Ó wo máàkì tí àwọn ọ̀gá ológun fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn: ti ìrísí, ti làákàyè, ti ìdarí, ti ìwà. Ó rí i pé àwọn máàkì náà ń bára wọn rìn ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọ̀gá bá ti ka ẹnì kan sí ènìyàn dáadáa, gbogbo máàkì rẹ̀ á gòkè. Bó bá kà á sí ẹni tí kò tó nǹkan, gbogbo rẹ̀ á jọ wálẹ̀. Ohun tí mo rí lórí fọ́ọ̀mù Àbúrò nìyẹn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dé ìwọ̀n 4 lọ́dún tó kọjá kì í jí lọ́jọ́ kan kó ti gbàgbé iṣẹ́ náà dé 2. Nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ tó da àwọ̀ sí gbogbo ìlà yòókù, a sì gbọ́dọ̀ wá a rí kí a tó kọ ohunkóhun.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ ni mo jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà nígbà tó tún pè mí láàárọ̀, ìbéèrè ni mo fi kí i.

Mo kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti fi ẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn níbi iṣẹ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, tàbí bóyá ọ̀rọ̀ oyún, ẹ̀sìn, ẹ̀yà tàbí àìlera wà nídìí rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti lẹ́tà sí máníjà nìkan. Ó yẹ kó rí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí agbẹjọ́rò kó tó kọ ìlà kan. Ó ní kò sí. Mo tún bi í bóyá ilé iṣẹ́ wọn ní iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ gba máàkì ìsàlẹ̀ ní dandan. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí Jack Welch ń darí General Electric, 20 nínú 100 òṣìṣẹ́ ló wà lókè, 70 láàárín, 10 nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ìta ni wọ́n sì ń fi han àwọn tó bá wà nísàlẹ̀. Microsoft náà ń to òṣìṣẹ́ ní ipele bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pa á tì ní 2013. Níbi tí irú òfin yẹn bá wà, máníjà lè fún ẹni tó ń ṣe dáadáa ní 2 nítorí pé ó gbọ́dọ̀ fún ẹnì kan, ìjà lórí gbólóhùn mẹ́ta ò sì ní tu irun kan lára fọ́ọ̀mù. Àbúrò ní kò sí òfin bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Ìbéèrè kẹta ni kò dùn mọ́ ọn: "Kí lo ṣe fún un?"

Ọjọ́ mẹ́rin

Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan. Mo tún bi í. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dárúkọ ìròyìn oṣù kọkànlá.

Ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ló yẹ kí ìròyìn yẹn jáde. Àwọn iye kan wà tó gbọ́dọ̀ ti ẹ̀ka mìíràn wá kó tó lè kọ ọ́, ọjọ́ kejì oṣù ló sì yẹ kí wọ́n dé. Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n dé. Ìròyìn jáde lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́. Àbúrò ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta: ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Àwọn ímeèlì náà wà. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí: ẹlòmíì ló pẹ́, kì í ṣe òun.

Mo ní, "Máníjà rẹ ńkọ́? Ìgbà wo lo sọ fún un?"

Ó dákẹ́. Kò sọ fún un. Ọjọ́ kẹjọ, nínú ìpàdé àwọn àgbààgbà, ni ọ̀gá pátápátá bi máníjà tuntun yìí pé ìròyìn dà. Kò mọ̀ pé kò tíì jáde. Kò mọ ohun tó fà á. Ìtìjú gbáà ni, níwájú àwọn tó ṣì ń wò ó bóyá ó tó iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún.

Bí mo ṣe gbọ́ èyí, mo mọ ibi tí 2 méje ti wá. Ìyẹn ò sọ ọ́ di òdodo o. Ọjọ́ mẹ́rin kò lè jẹ oṣù mọ́kànlá run, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé mẹ́jọ nínú oṣù náà, máníjà yìí ò tíì dé. Ṣùgbọ́n mo tún ní kó ka lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin yẹn fún mi, mo fetí sí i láti òkè délẹ̀, kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ lórí ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá. Kò sí ẹyọ kan. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn máníjà ni lẹ́tà náà fò dá.

Mo sọ fún un pé ibẹ̀ gan-an ni kó ti bẹ̀rẹ̀. A jà sí i fún ọjọ́ méjì. Ó ní bóun bá jẹ́wọ́, òun ti fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ní ọ̀bẹ náà ti wà lọ́wọ́ wọn láti oṣù kejìlá, ohun tó kù ni kó mọ ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Ẹni tó bá gba èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, tó gbà á láìlọ́ra, ni wọ́n máa ń fetí sí nígbà tó bá ní ìyókù kì í ṣe òótọ́. Mo ti jókòó ní ìhà kejì tábìlì yẹn pẹ́. Mi ò tíì rí òṣìṣẹ́ kan tó kọ̀ gbogbo ẹ̀sùn pátápátá tí wọ́n gbà gbọ́, kódà nígbà tó jẹ́ pé òun ló jàre.

Kí ó tó kọ lẹ́tà

Wọ́n ní kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù nínú ìjókòó náà, ó kọ̀. Mo ní kó padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó ka ohun tí wọ́n kọ sókè ibi ìbuwọ́lù dáadáa, nítorí ti ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Tiwọn sọ pé ìbuwọ́lù ń fi hàn pé òṣìṣẹ́ ti gba fọ́ọ̀mù. Ó buwọ́ lù ú, ó sì fi ọwọ́ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun gbà á, òun sì kà á, òun máa fi èsì òun ránṣẹ́. Bí ènìyàn bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, "òṣìṣẹ́ kọ̀" ni wọ́n á kọ síbẹ̀, ohun tó sì máa dúró nínú fáìlì nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́ fèsì. Ó ti lo mẹ́ta nínú rẹ̀ lórí ìbínú.

Ó fẹ́ kó gbogbo ímeèlì ibi iṣẹ́ sí fóònù ara rẹ̀ kó lè ní ẹ̀rí. Mo kìlọ̀ fún un gidigidi. Ẹ̀sùn àwọn oníbàárà wà nínú wọn, nǹkan ilé iṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ti orí ìgbéléwọ̀n burúkú bọ́ sínú ọ̀ràn tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí irú èyí. Kó fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà, kó kàn kọ déètì àti àkọlé wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn á mọ ibi tó ti lè rí wọn.

Lẹ́tà náà

Ìgbà mẹ́fà ló tún un kọ. Ojú ìwé mẹ́rin di ọ̀kan, pẹ̀lú àtẹ kékeré kan nísàlẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi. Mo dúpẹ́ fún àkókò tí ẹ fi bá mi jókòó lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ti ka ìgbéléwọ̀n mi, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú fáìlì.

Ìròyìn oṣù kọkànlá fi ọjọ́ mẹ́rin pẹ́. Mo ti béèrè fún àwọn iye tó kù lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò sì dé títí di ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún yín pé ó máa pẹ́, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ọjọ́ kejì. Inú ìpàdé ni ẹ ti gbọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn, ẹ má bínú. Láti ìsinsìnyí, bí ohunkóhun bá fẹ́ fa ìdádúró, ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́.

Nípa pé n kì í parí iṣẹ́ lásìkò: ìròyìn méjìlá ni mo kọ láàárín ọdún. Mọ́kànlá jáde lọ́jọ́ tó yẹ tàbí ṣáájú. Déètì ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú àtẹ ìsàlẹ̀.

Nípa pé n kì í bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́: nínú oṣù kejì àti ìkẹta, mo kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun méjì níṣẹ́. Nínú oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, mo fi iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan kún tèmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tó wà nínú ìsinmi. Kí ẹ tó dé ni èyí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún yín. Máníjà àná kọ ímeèlì lórí méjèèjì. Mo fi déètì wọn sínú àtẹ.

Nípa pé n kò fi ọkàn sí iṣẹ́: mi ò rí àpẹẹrẹ kankan tí mo lè fèsì sí. Bí ọjọ́ kan tàbí iṣẹ́ kan bá wà tí ẹ ní lọ́kàn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n kí n lè ṣàtúnṣe.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ tún máàkì náà yẹ̀ wò lórí oṣù méjèèjìlá, kí a sì tún jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí fọ́ọ̀mù tó wọ fáìlì."

Kò sí "àìṣòdodo" níbẹ̀, kò sí "ìkórìíra". Gbólóhùn kan wà tí kò fẹ́ yọ, lórí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gba 4 "tí kì í ṣe nǹkan kan." Òun ni ìjà wa tó kẹ́yìn. Mo ní máàkì ẹlòmíì kì í ṣe ọ̀ràn tìrẹ láti mú wọ lẹ́tà, àti pé bí o bá fa ẹnì kan wọ̀ ọ́, máníjà ti ní ìdí tí á fi sọ pé o kì í bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó yọ ọ́, ó ń kùn.

Bí ẹ bá bi mí, gbólóhùn tó ṣiṣẹ́ jù nínú lẹ́tà náà ni "Kí ẹ tó dé ni èyí, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ fún yín." Òótọ́ ni, kò sì gún máníjà lára. Ẹni tó ti kọ 2 sílẹ̀ tó sì ti buwọ́ lù ú nílò ọ̀nà tó lè gbà padà láìjẹ́ pé ó ń jẹ́wọ́ pé òun parọ́ mọ́ ènìyàn. Gbólóhùn yẹn ṣí ọ̀nà náà fún un: kò mọ̀ ni, wọn ò sọ fún un ni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó jàre ń pàdánù nítorí pé wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn pa mọ́ ọ̀gá, wọ́n wá ń retí pé kó jáde.

Máníjà nìkan ló fi ránṣẹ́ sí. Àwọn kan á ní kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ̀rù ìgbẹ̀san bá wà, mo fara mọ́ ọn. Níbi tí kò bá sí, ó dà bí ẹni pe ọlọ́pàá kó tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò.

Ìdúró

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí wọ́n tó pè é. Láàárín ìgbà náà ló sọ fún mi pé iṣẹ́ náà ti sú òun, pé 2 ni wọ́n fún òun, iṣẹ́ 2 lòun á máa ṣe fún wọn. Mo gbà pé ó ń sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀. Ní 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó àbájáde 607 jọ láti inú àwọn ìwádìí lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ẹni tí wọ́n bá sọ bó ṣe ń ṣe sí fún. Lápapọ̀ ó ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú èyí tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ńṣe ni iṣẹ́ náà tún wálẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Mo kàn rán an létí pé ìròyìn oṣù kìíní yẹ kó jáde lọ́jọ́ karùn-ún oṣù kejì, ìyẹn inú ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì máníjà. Bí ìyẹn bá pẹ́, kò sẹ́ni tó máa ka àtẹ rẹ̀ mọ́.

Ó jáde lọ́jọ́ kẹrin. Lọ́jọ́ kejì oṣù, ó ti kọ́kọ́ kọ ìlà kan sí máníjà pé àwọn iye ẹ̀ka kejì ti dé, iṣẹ́ ń lọ. Èsì tó gbà kò ju "O ṣé" lọ.

Ìjókòó kejì

Mi ò sí níbẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo kọ yìí. Máníjà tẹ lẹ́tà náà sórí ìwé, ó ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ àwọn ibì kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, "Èmi ò gbọ́ nípa ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn rí." Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀rọ̀ àìfi-ọkàn-sí-iṣẹ́ jáde: ó ní ìpàdé ìrọ̀lẹ́ méjì ni Àbúrò ti dìde jáde nínú oṣù kẹwàá kí wọ́n tó parí.

Mo ti sọ fún un pé bí wọ́n bá dárúkọ ọjọ́, kó má jiyàn kó tó rántí. Ó ní, "Ọ̀kan nínú wọn, mo gba àyè lọ́wọ́ yín, àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ á wà lórí fóònù yín. Èkejì, mi ò rántí. Bó bá jẹ́ pé mo jáde, ẹ má bínú." Máníjà wá àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó rí i. Lórí èkejì, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìjókòó náà ti gbóná ni oṣù kejìlá. Máníjà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé ọjọ́ kẹjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Àbúrò ní òun fẹ́ fèsì bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, òun gbé e mì. Nígbà tó parí, ó ní, "Mo gbọ́ yín, mà. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni ìgbéléwọ̀n gidi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe nínú oṣù kejìlá, kí ọ̀rọ̀ tó rà mọ́ni nínú di 2 méje.

Ibi tó já sí

2 di 3. Kò di 4. Máníjà ní bí ìròyìn kan bá pẹ́ tí òun ò sì gbọ́, òun ò lè pè é ní 4 lọ́dún náà, mi ò sì rò pé ó ṣàṣìsọ. Ìmọ̀ iṣẹ́ padà sí 4. Ìlà pípárí iṣẹ́ lásìkò dúró ní 2, èyí tí mo kà sí àṣejù fún mọ́kànlá nínú méjìlá. "Kì í bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́" kúrò pátápátá. "Kò fi ọkàn sí iṣẹ́" di "Kí ó máa tètè fi tó máníjà létí bí iṣẹ́ bá fẹ́ pẹ́." Lẹ́tà rẹ̀ wà lẹ́yìn fọ́ọ̀mù nínú fáìlì, àtàtẹ àtohun gbogbo.

Owó àjẹmọ́nú ọdún náà lọ. Wọ́n ti ti ìwé àwọn tó máa gbà á pa kí ìjókòó kejì tó wáyé, 2 ló sì wà níbẹ̀ níwájú orúkọ rẹ̀. Ìwé ìlànà fún un láyè láti gbé ìyẹn lọ sí ẹ̀ka òṣìṣẹ́. Mo ní kó gbé e lọ, kó fi fọ́ọ̀mù tuntun há a, kó béèrè pẹ̀lẹ́tù. Ó ní ó ti rẹ òun. Títí di òní, mo ṣì rò pé ó yẹ kó béèrè, òun náà sì mọ̀ pé mo rò bẹ́ẹ̀.

Nínú oṣù kẹta, máníjà kọ sí gbogbo ẹgbẹ́ pé kí kálukú máa fi ìlà díẹ̀ ránṣẹ́ níparí oṣù lórí ohun tó ṣe àti ohun tó ń dá a dúró. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àbúrò fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kò kọ nǹkan kan sí i, àfi ẹ̀rín.

Lẹ́tà ojú ìwé mẹ́rin yẹn ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó ní rárá, pé òun máa ń kà á nígbà míì.